Ọ̀gágun Tó Fi Márùndínlógójì Pín Ayé

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a kéde nípa olóògbé, kí a sì fi ọ̀wọ̀ kéde rẹ̀, ni pé ojú kan ṣoṣo ni ó fi ń kí ènìyàn. Bí o bá ní, "Ẹ káàárọ̀, sà," yóò kọ́kọ́ di ojú òsì, yóò tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò fi ojú ọ̀tún wò ọ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí ó tó dáhùn pé, "Káàárọ̀. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó dín díẹ̀." Àlejò máa ń rò pé èébú ni. Kì í ṣe èébú rárá. Ó kàn ń wo bí o ṣe máa ga tó bí wọ́n bá gbé ọ dúró ti ìbọn rẹ̀ ni.

Ìbọn náà ló sì sọ ọ́ di gbajúmọ̀ lọ́jọ́ tó lọ fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, ó ṣí fìlà, ó ní:

"Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn mi kan ti sọ nù."

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì mú bírò. "Irú ìbọn wo, Bàbá?"

"Àgbá ni. Ti Jámánì. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélógún."

Bírò dúró. "Àgbá, bí ti ogun?"

"Ogun àgbáyé kejì. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù mẹ́rìndínlógún lọ. Bí wọ́n bá yìn ín níbí, ọta rẹ̀ yóò rìn tó kìlómítà mẹ́rìndínlógún kó tó balẹ̀."

"Ibo lẹ gbé e sí kó tó sọ nù?"

"Orí tẹlifíṣọ̀n."

Ọlọ́pàá náà kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ ohun tí wọ́n bá sọ.

Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ọkọ̀ ọlọ́pàá mẹ́ta ti dí òpópónà náà lókè àti nísàlẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn dúró síbi tí wọ́n wà. Oníbàárà kan wà lórí àga onígbàjámọ̀ tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ìdajì kejì kò rí abẹ títí di ọ̀sán. Ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó olóògbé jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́.

"Ìyá, ẹ̀rọ ogun kan sọ nù nílé yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohunkóhun pamọ́."

Obìnrin náà ronú díẹ̀. "Ṣé ti orí tẹlifíṣọ̀n yẹn? Ó ti dọ̀tí jù. Mo bá a fọ̀ ọ́."

Inú agbọ̀n àwo ni wọ́n ti bá àgbá náà, tí ó ń gbẹ láàrin àwọn ṣíbí. Ọ̀gá ọlọ́pàá fi ìka méjì mú un, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Bàbá, ìbọn yìí kò gùn ju ṣíbí lọ."

"Ẹ fi márùndínlógójì sọ ọ́ di púpọ̀."

"Ẹ kò sọ fún wa pé ó kéré!"

Olóògbé di ojú òsì, ó wo ìbọn, ó wo ọ̀gá ọlọ́pàá. "Kò kéré," ni ó wí. "Ó jìnnà ni."

Kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n má bàa rò pé orí rẹ̀ yí, ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe jẹ́. Aago ni ó ń tún ṣe. Ogójì ọdún ni ó fi gíláàsì kékeré sí ojú ọ̀tún, tí ó ń wo ikùn aago, débi pé ojú òsì gbàgbé pé òun náà níṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá tán, yóò wá jókòó ti ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́: àwọn àgbá ńláńlá tí àwọn ará Jámánì wọ́ kiri nígbà ogun, tí àwọn ilé iṣẹ́ wá ń ṣe àfarawé wọn ní kékeré fún àwọn tó ń kó wọn jọ. Wẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń wà nínú páálí, bí egungun ẹja. Yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, yóò kùn wọ́n, yóò fi irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo ya ìpẹtà sí wọn lára, títí tí ìwọ yóò fi búra pé òjò ti pa wọ́n rí. Bí a bá to márùndínlógójì irú ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, ni yóò gùn tó ojúlówó gẹ́lẹ́.

Ọ̀gágun ni àdúgbò ń pè é. Kò wọ ẹgbẹ́ ológun rí. Bí aáyán bá wọlé, ìyàwó rẹ̀ ni yóò pa á.

Àwọn ènìyàn máa ń bi í pé, "Ọ̀gágun, ẹ̀yin tí ẹ kì í bínú, kí ló dé tó jẹ́ ìbọn? Tó tún wá jẹ́ ti àwọn wọ̀nyẹn?"

"Wọ́n kó gbogbo irin yẹn jọ, wọ́n sì pàdánù," ni ìdáhùn rẹ̀. "Ó yẹ kí ẹnì kan máa wò ó. Àti pé lórí pẹpẹ mi, wọn ò lè yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́."

Apá ìkẹyìn yìí kì í ṣe òótọ́. Wọ́n yọ káfíńtà lẹ́nu.

Ṣé ẹ rí i, òfin kan ni Ọ̀gágun fi de ara rẹ̀: kò gbọdọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ìwọ̀n kékeré, àfi ti ènìyàn. Ti ojúlówó ni yóò sọ. Ẹni tó bá gbọ́n, kí ó pín in. Lọ́jọ́ tí ó parí èyí tó tóbi jù nínú wọn, àgbá kan tí ó ń gun ojú irin, ó lọ bá káfíńtà, ó ní òun fẹ́ pẹpẹ tí yóò gbà á.

"Kí ni gígùn rẹ̀, Bàbá?"

"Mítà mẹ́tàdínláàádọ́ta."

Ọmọlúwàbí ni káfíńtà. Kò já àgbàlagbà ní koro. Ó mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Ọ̀gágun, ó ń wọ̀n ọ́n lọ. Ó gba iwájú ilé mẹ́ta kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó tọ́ka sí ògiri rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ògiri yìí yóò kúrò."

"Kúrò lọ síbo?"

"Pẹpẹ Ọ̀gágun ló ń bọ̀."

"Pẹpẹ wo ló ń bọ̀ tí ògiri bàbá mi fi máa dìde fún un?"

Ọjọ́ náà ni káfíńtà kọ́ ìṣírò. Wọ́n fi márùndínlógójì pín mítà mẹ́tàdínláàádọ́ta, pẹpẹ náà sì wá gùn tó mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò tilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Káfíńtà fi ẹfun kọ "35" gàdàgbà sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ẹni tó kọ orúkọ ọ̀tá.

Pálọ̀ ni gbogbo ìbọn náà ń gbé. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ sórí pẹpẹ àti tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹnu wọn sì kọ sí ilẹ̀kùn. Nítorí pé pẹpẹ àti tábìlì gọ́ọ̀mù ti gba ilé tán, àga kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, ti Ọ̀gágun. Bẹ́ńṣì kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà ni ìyàwó rẹ̀ ń jókòó lé, níwájú àgbá mọ́kàndínlógún. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ja ìjà yìí, ìjà pẹ̀lẹ́ ni, àfi bí orin tí ènìyàn mélòó kan ti mọ̀ sórí.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi yí ìbọn wọ̀nyí kọjú sí ògiri."

"Ìbọn kì í kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Bí ọ̀tá bá dé ńkọ́?"

"Èmi nìkan ló ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé."

"Mo mọ̀. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ọ ni?"

"Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ra àga."

"Ibo la máa gbé e sí?"

Ibẹ̀ ni orin náà ń parí sí.

Ọdún kan, ọ̀rọ̀ náà sú u, ó gbà. Ó lọ bá káfíńtà. "Ìyàwó mi ń fẹ́ àga. Ìbú, àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Gíga, mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà márùn-ún." Káfíńtà rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí ejò ti bù jẹ rí tó rí okùn. Lọ́jọ́ kẹta ó dé, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Àga ló wà níbẹ̀: ìbú, sẹ̀ǹtímítà méjì, gíga, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Ó ní apá méjèèjì, ó ní tìmùtìmù.

"Kí nìyí?" ni ìyàwó Ọ̀gágun bi í.

"Àga yín ni, Ìyá. Mo pín in."

"Ta ló ní kí o pín in?"

Káfíńtà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó wo àga. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "ẹ wá ṣàlàyé fún mi. Ìgbà wo ni mo máa pín, ìgbà wo ni n kò ní pín?"

Ọ̀gágun di ojú òsì, ó wo àga náà pẹ́ títí. Ó san owó rẹ̀ pé, ó sì fi àga náà sínú àpò àyà. Ìyàwó rẹ̀ padà sórí bẹ́ńṣì, ọ̀rọ̀ àga sì kú síbẹ̀, bí gbogbo ayé ti rò.

Ilé ìwòsàn pàápàá kò bọ́. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ga tó?" Ó ní, "Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún." Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó rí ọkùnrin gbàǹgbà níwájú rẹ̀, ó tún wo ìwé. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bi, kì í ṣe ọmọ inú aboyún." Ó ní, "Èmi náà ni mò ń dáhùn." Káàdì náà ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ títí di òní. Wọ́n kọ oògùn fún un níbẹ̀, wọ́n sì fi àmì ìbéèrè mẹ́ta sí i lẹ́yìn.

Nǹkan kan ṣì wà nínú pálọ̀ náà: aago ńlá onígi tó dúró sí igun, tí kò rìn fún ọdún mẹ́tàlá. Àwọn oníbàárà máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀gágun, ẹ ń tún tiwa ṣe, tiyín ti kú." Yóò ní, "Ṣé oníṣègùn kì í ṣàìsàn ni?" Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti fọ àgbá mọ́ ṣíbí, ó ti yọ̀ǹda kí ó máa nu gbogbo ìbọn. Aago yẹn nìkan ni ó ní kí ó má fọwọ́ kàn. Èyí máa ń rú obìnrin náà lójú. Ìbọn tó kó ọlọ́pàá wá bá wọn, nù ún. Aago tó kú, má nù ún.

Ọ̀gágun kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ìrọ̀rùn, lórí àga rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ti lẹ nǹkan bí táyà kékeré mọ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Dókítà gbìyànjú láti yọ ọ́, kò yọ. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá débẹ̀ láìmú nǹkan kan dání, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti ọwọ́ ọkùnrin kan ní ìlú mìíràn, tí òun náà ń kó irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jọ. Ó ní òun yóò ra gbogbo rẹ̀ pátá, òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó Ọ̀gágun kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Kó wá kó wọn," ni ó sọ fún onígbàjámọ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà lójú ìbọn. N kò mọ̀ bóyá ìyàwó ni mí tàbí ọ̀tá tí wọ́n ń retí." Bí àwàdà ni ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ sọ pé ojú obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, bí ó ti ń nu àgbá orí tẹlifíṣọ̀n fún ìgbà ìkẹyìn, ó rí ìwé lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni:

"Fún Káfíńtà. Àpótí gíláàsì kan, tí kò ní ìsàlẹ̀. Gígùn, mítà mẹ́rin àti àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà. Ìbú, mítà mẹ́ta àbọ̀. Gíga, mítà méjì àti ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà. Kí ó fi lé ìyàwó mi lọ́wọ́."

Ó jókòó. Ó ní òun kò ní ta ìbọn kankan kí òun tó mọ ohun tí ọkọ òun ń wí. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà, onígbàjámọ̀ sì tẹ̀lé e, nítorí ògiri rẹ̀.

"Ilé gíláàsì ló fẹ́," ni onígbàjámọ̀ wí. "Ó fẹ́ kí wọ́n máa wo ìbọn láti ìta. Mo ti mọ̀ pé kò tíì tán lórí ògiri mi."

"Tàbí kí o pín in," ni ìyàwó Ọ̀gágun sọ fún káfíńtà.

Òógùn bo káfíńtà. "Ìyá, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tó yẹ kí n pín, n kò pín. Nígbà tí kò yẹ kí n pín, mo pín. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá gbéṣẹ́ fún mi lórí ìṣírò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣìnà. Ẹni tí mo lè bi ti lọ."

Ó ronú lórí rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Níkẹyìn ó gba ìmọ̀ràn tí àgbà oníṣẹ́ máa ń gbà: bí ènìyàn yóò bá ṣì í, kí ó ṣì í ní kékeré, gíláàsì wọ́n. Lọ́jọ́bọ̀ ó gbé àpótí náà dé: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìnlá, mẹ́wàá, mẹ́jọ. Kò tóbi ju ọwọ́ méjì lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn sábẹ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ gùn jù. Ìkejì gùn jù. Èyí tó gun ojú irin, wọn kò tilẹ̀ dán an wò. Àgbá mọ́kàndínlógún, kò sí ọ̀kan tó bá a mu. Ìyàwó Ọ̀gágun gbé àpótí náà lé itan lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, ó ń wo òfìfo inú rẹ̀.

"Ó kú tán náà," ni ó wí, "kò sì sọ ọ́ yé mi."

Káfíńtà kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún obìnrin tó ń sunkún. Ó ṣe ohun tó mọ̀: ó fa téèpù yọ, ó ń wọn ohun tó bá sún mọ́ ọn. Ó wọn ògiri yìí. Ó wọn ògiri kejì. Ó gun àga Ọ̀gágun, ó wọn ògiri dé àjà. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́.

"Ìyá. Mítà mẹ́rin àti àádọ́rùn-ún. Mẹ́ta àbọ̀. Méjì àti ọgọ́rin." Ó yíjú wo yàrá náà. "Pálọ̀ yìí ni."

"Pálọ̀ yìí ni kí ni?"

"Pálọ̀ yìí ni yóò wọ inú àpótí yẹn."

"Báwo ni pálọ̀ ṣe máa wọ inú rẹ̀? A wà nínú pálọ̀!"

Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà gbé ojú sí igun yàrá, síbi ohun kan ṣoṣo tí wọn kò jẹ́ kí ó nù. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn aago tó kú.

Kò sí ẹ̀rọ nínú rẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ wà, pálọ̀ ni ó wà níbẹ̀. Fèrèsé méjì, tábìlì gọ́ọ̀mù, tẹlifíṣọ̀n, aago onígi kan ní igun. Pẹpẹ náà wà, àwọn àgbá mọ́kàndínlógún náà sì wà níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kò tóbi ju èèrà lọ. Abẹ́rẹ́ aago ọwọ́ àwọn obìnrin ni ó gé fi ṣe ẹnu wọn. Gbogbo wọn pátá kọjú sí ògiri.

Kò sí bẹ́ńṣì lẹ́nu ọ̀nà. Àárín yàrá gan-an ni àga wà, àga tí káfíńtà pín, pẹ̀lú apá méjèèjì àti tìmùtìmù. Obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó fara ti ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀. Ìró ìyàwó Ọ̀gágun ni ó ró, olódòdó aláwọ̀ ewé, èyí tí ó ti gbó lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ fi irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo yà á, òdòdó kan kò dín.

Ìyàwó Ọ̀gágun tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́. Ó di ojú òsì.

Káfíńtà, tó ń wá ọ̀rọ̀ sọ, ní, "Ó mà kéré o, Ìyá."

"Kò kéré," ni obìnrin náà wí. "Ó jìnnà ni."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin tó fẹ́ ra ìbọn dé pẹ̀lú páálí mẹ́wàá. Ó bá gbogbo àgbá tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. Ó ní òun kò rí irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ má bínú, a kò tà mọ́," ni ìyàwó Ọ̀gágun sọ fún un. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú padà ni. Kò yẹ ká tún dà wọ́n láàmú."

Ó kó tábìlì gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ránṣẹ́ sí káfíńtà pé kí ó wá kan àga fún òun, ìbú àádọ́rin sẹ̀ǹtímítà, gíga mítà kan àti márùn-ún. Káfíńtà wá fúnra rẹ̀ láti béèrè bóyá òun máa pín in. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó béèrè, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun.

Orí àga náà ni ó máa ń jókòó sí báyìí, tí àpótí gíláàsì bo pálọ̀ kékeré lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó sì ń fi ojú kan kí ẹni tó bá wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wò ó. Káfíńtà ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí, bí ó ti ń nu gíláàsì, pé nínú pálọ̀ kékeré yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga obìnrin náà, tábìlì kan wà, àti pé lórí tábìlì náà nǹkan kan ń dán, bí hóró ìrẹsì. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó fi ẹfun ṣírò, ẹnu sì yà á. Àpótí gíláàsì ni. Mílímítà mẹ́rin ni gígùn rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé nǹkan wà nínú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ti wò ó, kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti wò ó, kò rí i. Ọ̀gá ọlọ́pàá náà ti wá wò ó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ta ni ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa, kódà bó jẹ́ ẹyọ kan?